Ọkọ́ Ìyá Mi Lábẹ́ Pẹpẹ

Báwo ni ènìyàn ṣe ń bínú sí èpò láti kékeré títí ó fi fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́? Bísí àbúrò mi máa ń fi èyí ṣe mí ní yẹ̀yẹ́. Ó ní tí òun bá fẹ́ kí n sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́ lórí fóònù, òun kò gbọdọ̀ dárúkọ àlìkámà. Mo ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìwé, àìmọye ìgbà ni mo sì ti sọ fún wọn pé kí ẹni tó ń bínú kọ́kọ́ jókòó, kí ó mí kanlẹ̀, kí ó wá sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo ti jókòó. Mo ti mí kanlẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọdún tí ìyá mi gbin àlìkámà ni mo fẹ́ sọ, inú sì ń bí mi síbẹ̀.

Thamesmead ní London là ń gbé nígbà náà, nínú ilé alájà tí wọ́n fi kọnkéré kọ látòkè délẹ̀. Ẹnu ọ̀nà tiwa àti ti àwọn aládùúgbò jọ kọjú sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn kan tí atẹ́gùn odò máa ń gbà kọjá, tí yóò máa hu bí ẹni tí eyín ń dùn. Àgbàlá ni ìyá mi ń pè é. Níbẹ̀ ló ti ń sá aṣọ, níbẹ̀ ló ti ń ṣa ẹ̀wà, níbẹ̀ náà ló ti ń bá wa wí kí gbogbo ilé lè gbọ́. Ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń gbọ́ láràárọ̀ ni ìkòkò omi iná tó ń hó, lẹ́yìn náà sálúbàtà ìyá mi, lẹ́yìn náà ilẹ̀kùn líìfù. Ìdájí ló máa ń jáde lọ gbálẹ̀ ọ́fíìsì ní ìhà Belmarsh. Nígbà tí a bá jí, ẹ̀kọ́ wa ti wà nínú fúláàsì, aṣọ ilé ìwé wa ti wà lórí àga, òun fúnra rẹ̀ kò sì sí. Bàbá mi, tó ń wa bọ́ọ̀sì, máa ń gbàdúrà ní pálọ̀ pẹ̀lú ohùn gbàǹgbà, ọkùnrin tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa a sì máa fi igi ìgbálẹ̀ gbá ògiri. Bàbá mi á ní Èṣù ni. Ìyá mi, tó bá jẹ́ ọjọ́ ìsinmi rẹ̀, á rẹ́rìn-ín nínú kíṣíìnì, á ní, “Daddy Fọlákẹ́, oorun ni. Oorun ló ń kun ọkùnrin yẹn.” Èmi ni Fọlákẹ́.

Ọmọ àgbẹ̀ ni ìyá mi, láti ìhà Òkè-Ògùn. Bàbá mi ní tirẹ̀, Mushin ni wọ́n bí i sí, Mushin ló dàgbà sí, kò sì tíì fọwọ́ kan ilẹ̀ oko títí ó fi wọ bàálù. Ìyá mi gbé ọkọ́ kan wá sí London láti ilé bàbá rẹ̀, ọkọ́ onígi kúkúrú tí ọwọ́ bàbá náà ti bó dán. Ó fi ìró wé e sínú àpótí. Ó máa ń sọ fún wa bí aṣọ́bodè ọkọ̀ òfúrufú ṣe yọ ọ́ jáde, tó gbé e sókè bí ẹni gbé òkú eku, tó béèrè pé kí ni wọ́n ń fi í ṣe. “Mo ní jíjẹ ni. Mo ní a máa ń fi í jẹun. Ó wo eyín mi!” Gbogbo ìgbà tó bá dé ibẹ̀ ni a máa ń rẹ́rìn-ín, bí ẹni pé a kò gbọ́ ọ rí.

Ó pẹ́ tó ti ń dúró de ilẹ̀ kí wọ́n tó fún un ní ọ̀kan nínú àwọn ilẹ̀ tóóró tí ìjọba àdúgbò ń yá ará ìlú láti fi dáko, lẹ́yìn Glyndon Estate, ní ọ̀nà Plumstead. Pulọ́ọ̀tì ni gbogbo wa ń pè é. Pulọ́ọ̀tì méjì mìíràn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò ro. Ọkùnrin tó jẹ́ olórí ìgbìmọ̀ ibẹ̀ sọ fún un pé bó bá lè mú tirẹ̀ mọ́ tónítóní títí ọdún yóò fi yí po, àwọn yóò fi méjì yẹn kún un. Ṣùgbọ́n bí èpò bá gba ilẹ̀, àwọn yóò gba ilẹ̀ náà padà, nítorí àwọn tó ń dúró pọ̀. Ìyá mi ti mọ ohun tó fẹ́ gbìn. Nínú ìjọ wa, àwọn ìyá àti bàbá kan wà tí àtọ̀gbẹ ń dà láàmú, tí dókítà ti ní kí wọ́n fi ẹ̀bà àti iyán sílẹ̀. Òkèlè àlìkámà ni wọ́n ń wá kiri. Ìyá mi fẹ́ gbìn ín, kí ó lọ̀ ọ́, kí ó máa tà á fún wọn. Kí n ṣe àtúnṣe kan níbí, nítorí bàbá mi máa ń sọ ọ́ bí ẹni pé ìyá mi fẹ́ di olówó: pulọ́ọ̀tì mẹ́ta kò lè sọ ẹnikẹ́ni di olówó, ìyá mi náà sì mọ̀. Ohun tó rò ni pé bí èrè oko bá lè tó ohun tí iṣẹ́ ìdájí ń mú wá, òun yóò fi iṣẹ́ ìdájí sílẹ̀, òun yóò sì wà nílé nígbà tí àwa ọmọ bá jí. Gbogbo ohun tó fẹ́ nìyẹn.

Ìgbà tí ewé ń rẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ sí í tú ilẹ̀. Mo bá a lọ ní Sátidé àkọ́kọ́. Ó fi fọ́ọ̀kì ìtúlẹ̀ gún ilẹ̀ amọ̀ yẹn, ó yí i padà, ó sì kígbe bí ẹni rí ará ilé. “Fọlákẹ́! Èkan rèé o! Èkan wà ní ìlú òyìnbó!” Ó fi gbòǹgbò funfun kan hàn mí, tó gùn bí okùn, tí ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ́rẹ́. Kì í ṣe èkan ilé wa gan-an, ṣùgbọ́n ọmọ ìyá rẹ̀ ni. Ó kọ́ mi bí a ṣe ń mú un: ènìyàn kì í gé e, ènìyàn kì í fà á jálẹ̀. A ó fi fọ́ọ̀kì gbé ilẹ̀ sókè, a ó gbọn amọ̀ kúrò, a ó sì fa gbòǹgbò náà jáde lódindi. Àwọn gbòǹgbò yẹn a máa wọ inú àpò, àpò a sì máa kún. Mísítà Lẹ́nì, òyìnbó arúgbó tí pulọ́ọ̀tì rẹ̀ kángun sí tiwa, a máa dúró sí àárín àlùbọ́sà rẹ̀, á máa wò wá. “Missus,” ló ń pe ìyá mi. Ó ní ó dára bó ṣe ń ṣe é, pé ẹni tó bá gé kinní yẹn ti gbin òmíràn nìyẹn. Ìyá mi mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Èdè àwọn méjèèjì kò fi bẹ́ẹ̀ bára mu, ṣùgbọ́n wọ́n ní ọ̀tá kan náà.

Ó ti ṣe é dé bí ìdajì nígbà tí ọ̀rọ̀ náà sú bàbá mi. Ó ní àwọn ará ìjọ ti ń béèrè ìgbà tí oko yóò di oko. Ó ní ìyàwó òun alàgbà ń fi ọwọ́ wá gbòǹgbò kiri bí adìẹ. Ní ọjọ́ kan tí ìyá mi wà níbi iṣẹ́, ó yá ẹ̀rọ ìtúlẹ̀ lọ́wọ́ arákùnrin kan tó ń tún ọgbà ṣe. Gbogbo ilẹ̀ tó kù ni ẹ̀rọ náà jẹ, ó lọ̀ ọ́ kúnná bí èlùbọ́, ó sì tún padà sórí apá tí ìyá mi ti ṣà. Nígbà tí ìyá mi dé, bàbá mi na apá méjèèjì. “Ìyá Fọlákẹ́, wò ó! Iṣẹ́ tí o ń fi oṣù ṣe, kí n tó jẹun ọ̀sán ni mo ti parí ẹ̀.” Ilẹ̀ náà tẹ́jú, ó dúdú, ó rẹwà, n kò ní parọ́. Ìyá mi bẹ̀rẹ̀, ó bu ẹ̀kúnwọ́ kan, ó la ọwọ́ níwájú rẹ̀. Gbòǹgbò funfun wéwèwé ló kún inú amọ̀ náà, bí ìgbà tí ènìyàn gé sìpàgẹ́tì.

“Daddy Fọlákẹ́,” ó ní, “ẹ ti gbìn ín.”

“Gbin kí ni? Mo ti pa á!”

“Ẹ ti gbìn ín, sà. Ẹ ṣé.”

Ó wá gbin àlìkámà sórí rẹ̀, kí ló tún lè ṣe? Ó gbìn ín bí wọ́n ṣe ń gbin àgbàdo lókè wa: ó fi ìka gbẹ́ ihò, ó sọ horo díẹ̀ sí i, ó fi ẹsẹ̀ bò ó, ó gbésẹ̀. Mísítà Lẹ́nì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní wọn kì í gbin àlìkámà báyẹn, pé ó máa ń fún mọ́ra pẹ́kípẹ́kí, kí òjìji rẹ̀ lè bo èpò mọ́lẹ̀. Ìyá mi gbé ọkọ́ rẹ̀ sókè, ó tọ́ka sí àyè tó wà láàárín poro kan àti èkejì. “Ibí ni ọ̀nà rẹ̀,” ó ní. “Ọkọ́ mi ló máa gba ibí kọjá.” Mo fẹ́ kí ẹ di ọ̀rọ̀ yìí mú, nítorí òun ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà. Ẹni tó bá gbin àlìkámà ní fífún lè sùn díẹ̀. Ẹni tó bá gbìn ín ní fífẹ̀ gbọ́dọ̀ máa ro ó. Ètò tí ìyá mi ṣe dára, bí ọkọ́ bá wà níbẹ̀.

Ọkọ́ sì wà níbẹ̀. Bí òtútù ṣe ń lọ, tí ewé àlìkámà ń yọ bí irun orí ọmọ tuntun, ó ń lọ síbẹ̀ ní gbogbo Sátidé. Gbòǹgbò wéwèwé wọ̀nyẹn ti ń rú, èpò kan tó ní ẹ̀gún lára, tí a ń pè ní ẹlẹ́gùn-ún, ti ń tẹ́ ara rẹ̀ sílẹ̀ bí ẹni tó ra ilẹ̀, ṣùgbọ́n ọkọ́ kò jẹ́ kí wọ́n gbérí. “Kékeré la ti ń pèèkàn ìrókò,” ìyá mi á wí, á sì bẹ́ ọ̀kan. Ohùn ọkọ́ yẹn ṣì wà ní etí mi: ṣìkì, ṣìkì, lẹ́yìn náà gbọ́n-ọ́n bó bá kan òkúta. Tí a bá délé, a ó jẹ sẹ̀mó àti ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ tútù inú fíríìsà, yóò sì máa sọ fún wa bí ilé yóò ṣe rí nígbà tí kò bá lọ iṣẹ́ ìdájí mọ́. Ó ní òun yóò máa din dòdò fún wa láàárọ̀. Bísí béèrè pé ṣé ní ọjọ́ ilé ìwé náà. Ó ní pàápàá jù lọ ní ọjọ́ ilé ìwé.

Lẹ́yìn Àjíǹde ni bàbá mi pe Wòlíì wá bùkún oko náà. Ṣé ẹ mọ irú ìjọ wa, ìjọ aláṣọ funfun, tí a máa ń bọ́ bàtà sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Yàrá ńlá kan lókè ilé ìtajà ní Woolwich ni a ń lò. Wòlíì wá pẹ̀lú ọ̀pọ̀ nínú ìjọ, gbogbo wa nínú sùtánà funfun láàárín kábéèjì àwọn òyìnbó. Mísítà Lẹ́nì ṣí fìlà. Wòlíì rìn yí oko náà ká, ó gbàdúrà, ó dúró, ara rẹ̀ gbọ̀n, ó sì pa ojú dé. Nígbà tó la ojú, ó ní òun rí ìran. Ó ní àlìkámà yìí kì í ṣe àlìkámà lásán, pé Olúwa ti sọ ọ́ nínú òwe rẹ̀ pé kí wọ́n má ṣe fa èpò tu láàárín àlìkámà. Ó ní oko yìí yóò jẹ́ àmì fún ìjọ. Ọkọ́ kò gbọdọ̀ kàn án mọ́ títí di ìkórè.

“Àmín!” ni gbogbo ènìyàn wí.

“Ẹ jọ̀ọ́, sà,” ni ìyá mi wí. Ó kúnlẹ̀ lórí amọ̀. “Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá. Oko inú òwe yẹn, ó fún mọ́ra ni. Mo fi àyè sí tèmi nítorí ọkọ́. Bí n kò bá ro ó, a ò ní rí nǹkan kó.”

“Ìyá Fọlákẹ́,” Wòlíì wí jẹ́jẹ́, “ta ló ń mú irúgbìn dàgbà?”

“Olúwa ni, sà.”

“Ṣé Olúwa kò mọ àyè tí o fi sílẹ̀?”

Ìyá mi ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀. Ó yí ojú sí bàbá mi. Mo rí ojú yẹn. Kò béèrè ohun púpọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ó ṣáà sọ pé, “Bàbá, ìyàwó mi mọ oko,” kí ó sì dákẹ́. Bàbá mi wo àwọn ènìyàn tó dúró yí ká, ó nu ẹnu, ó ní, “Ìyá Fọlákẹ́, o ti gbọ́.” Wòlíì bá na ọwọ́. Ìyá mi gbé ọkọ́ bàbá rẹ̀ fún un. Wọ́n fi aṣọ funfun wé e, wọ́n gbé e lọ sí ìjọ, wọ́n sì fi í sábẹ́ pẹpẹ, kí ó lè wà níbẹ̀ títí di ìkórè bí ẹ̀rí.

Bísí máa ń sọ pé ènìyàn burúkú ni Wòlíì yẹn. Mo máa ń tún un ṣe fún un: kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó máa ń bẹ aláìsàn wò nínú òjò. Ó fi búláńkẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ fún ọmọ ilé ìwé kan tó ń sùn ní ilẹ̀ pálọ̀ ẹlòmíràn. Ìdí nìyẹn gan-an tí inú fi ń bí mi. Ènìyàn burúkú, a máa ń mọ̀ pé kí a sá fún un. Ènìyàn rere tó ń pàṣẹ lórí ohun tí kò mọ̀, báwo ni a ṣe ń sá fún un? Àmín la máa ń ṣe fún un. Ní ti bàbá mi, n kò ní àwáwí kankan fún un. Wòlíì kò mọ oko, kò sì mọ pé òun kò mọ̀. Bàbá mi mọ̀ pé ìyá mi mọ̀. Ó ti jókòó sílé bàbá ìyàwó rẹ̀, ó ti jẹ iṣu oko náà, ó ti rí ọkọ́ yẹn lọ́wọ́ arúgbó náà. Ó mọ̀, ó sì wo ojú ìjọ.

Ohùn ilé wa yí padà. Ìyá mi kò dákẹ́ pátápátá, ẹ má rò bẹ́ẹ̀. Ó ń sọ pé ẹ wá jẹun, ẹ wá wẹ̀, ẹ pa iná. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ dòdò òwúrọ̀ tán. Ní Sátidé, ó ṣì máa ń lọ sí pulọ́ọ̀tì. Á ká apá sí àyà, á máa wo bí àyè tó fi sílẹ̀ fún ọkọ́ ṣe ń di ààfin èpò. Gbòǹgbò tí ẹ̀rọ gé wéwé ti di odindi, òdòdó pupa kan wà níbẹ̀ tí Bísí fẹ́ràn, ẹlẹ́gùn-ún sì ga débi èjìká mi. Àlìkámà wà láàárín wọn, tínínrín, ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, bí ọmọ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń gba oúnjẹ mọ́ lọ́wọ́.

“Mummy, why o ò kàn ro ó?” ni Bísí béèrè.

“Ẹ ò,” ni mo wí. “Ẹ ò kàn ro ó.”

“Ṣé ‘ẹ’ ló máa ro ó?” ni ìyá mi wí fún mi, ó sì yí ojú kúrò. Bísí sáré wọ inú oko, ó fa ẹ̀kúnwọ́ kan tu. Nígbà tí bàbá mi gbọ́, ó ní kí Bísí kúnlẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, kí ó sì na ọwọ́ sókè, lójú gbogbo aládùúgbò. Ọkùnrin onígi ìgbálẹ̀ jáde, ó wò ó, ó wọlé, ó gbá ògiri.

Mísítà Lẹ́nì kò lè fara mọ́ ọn mọ́. Èso ẹlẹ́gùn-ún yóò fò wọ inú àlùbọ́sà rẹ̀. Ó bi ìyá mi pé ṣé ara rẹ̀ kò yá ni. Ìyá mi ní ara òun yá, ìjọ ọkọ òun ló ní kí òun má ro ó. Mísítà Lẹ́nì wá ní, “Missus, èmi kì í ṣe ọmọ ìjọ yín. Wọn kò ní kí èmi má ro ó.” Ìgbà àkọ́kọ́ tí ìyá mi rẹ́rìn-ín láti Àjíǹde nìyẹn. Kò jẹ́ kí ó wọ inú oko, ó ní òun yóò béèrè. Ó délé, ó gbé omi fún bàbá mi, ó kúnlẹ̀, ó sọ ọ́ fún un bí ẹni mú ọ̀nà àbáyọ wá fún gbogbo wa.

“Ọwọ́ aláìgbàgbọ́ kẹ̀?” ni bàbá mi wí. “Lórí oko àmì? Ìyá Fọlákẹ́, ṣé o fẹ́ dójú tì mí ni?”

Ó gba ife omi náà, ó mu ún tán.

Olórí ìgbìmọ̀ wá ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ó ti kìlọ̀ tẹ̀lẹ̀, ìyá mi sì sọ fún bàbá mi, bàbá mi sì ní ìkórè ti dé tán. Ọkùnrin náà kò pariwo, ojú tilẹ̀ ń tì í. Ó ní pulọ́ọ̀tì náà yóò bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn kí ewé tó rẹ̀, pé ọ̀rọ̀ pulọ́ọ̀tì méjì tó kù náà ti tán. Ìyá mi ní ó ti yé òun. Ó kórè ohun tó wà níbẹ̀. Nígbà tó fẹ́ ẹ tán, horo rẹ̀ kò kún ìkòkò ọbẹ̀ wa. Wọ́n hunjọ, wọ́n fúyẹ́, èso èpò sì wà nínú wọn tí ẹnikẹ́ni kò lè ṣà tán. Ó kéré sí ohun tó gbìn. Bàbá mi mú ọ̀rọ̀ náà tọ Wòlíì lọ, Wòlíì sì wá sílé wa, ó jókòó ní pálọ̀, ó mu mọ́ọ̀tì. Ó ní òun ti béèrè, ìdáhùn sì ti dé: ẹnìkan kò gbàgbọ́.

“N kò fọwọ́ kàn án, sà,” ni ìyá mi wí.

“Mo mọ̀. Ọwọ́ kọ́ lo fi ro ó. Ọkàn lo fi ń ro ó.”

Ìyá mi wò ó lójú. “Bẹ́ẹ̀ ni, sà,” ó ní. “Lójoojúmọ́.”

Kí wọ́n tó gba ilẹ̀ náà, ó padà lọ fúnra rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀bẹ ìdáná. Ó gé gbogbo èpò náà, ó dì wọ́n ní ìtí ìtí, ó fi okùn so wọ́n dáadáa, ó sì sá wọn sí bákónì. Bàbá mi rò pé ewé àgbo ni. Ẹnikẹ́ni kò béèrè.

Ọjọ́ ìkórè ìjọ wa, ní ọjọ́ Ìsinmi kan, yàrá òkè yẹn kún. Iṣu, èso, àpò ìrẹsì, adìẹ inú yìnyín, gbogbo rẹ̀ la tò síwájú pẹpẹ. Àṣà wa ni pé ohun tó bá ti dé iwájú pẹpẹ kì í padà sílé bẹ́ẹ̀. Wọn á gbé e sókè ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, àwọn ènìyàn á dá owó lé e, ẹnìkan gbọ́dọ̀ rà á. Wòlíì ló ń gbé e sókè fúnra rẹ̀, ó sì mọ bí a ṣe ń pa ìjọ lẹ́rìn-ín nídìí rẹ̀. Nígbà tó kan ìdílé wa, ìyá mi dìde. Ó ru abọ́ ńlá tí a máa ń fi fọ aṣọ, aṣọ funfun sì bò ó. Ó rìn ní ẹsẹ̀ lásán láti ẹ̀yìn dé iwájú, àwọn akọrin ń kọrin. Bàbá mi ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó rò pé ìyàwó òun ti dárí ji òun. Ìyá mi gbé abọ́ náà sílẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó ká aṣọ kúrò.

Èpò ni. Ìtí ẹlẹ́gùn-ún, ìtí èkan òyìnbó, òdòdó pupa tó ti gbẹ di dúdú, gbogbo rẹ̀ ló dì bí ẹni di àlìkámà. Orin dá.

“Bàbá,” ni ìyá mi wí, ohùn rẹ̀ kò sì ga, “ẹ ní kí wọ́n dàgbà títí di ìkórè. Wọ́n ti dàgbà. Mo kó wọn wá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní ọkọ́ mi.”

Mo ti rí Wòlíì yẹn tó ń gbé ọrẹ sókè ní àìmọye ìgbà. Ní ọjọ́ yẹn, ó wo abọ́ náà, ó wo ìjọ, ó sì fa ọwọ́ sẹ́yìn. Kò lè gbé e sókè. Kò lè ní kí ó gbé e padà, nítorí àṣà. Ìyá àgbà kan tí àtọ̀gbẹ ń bá jà, ọ̀kan nínú àwọn tó ń retí àlìkámà, sọ lórí ìjókòó rẹ̀ pé, “Ta ló máa rà á?” N kò mọ̀ bóyá ẹ̀fẹ̀ ni. Ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín.

Bàbá mi dìde. “Èmi ni,” ó ní. “Mo rà á.”

Bísí máa ń sọ pé ìyá wa rẹ́rìn-ín nígbà náà. Kò rẹ́rìn-ín. Iwájú ni mo wà, mo rí i. Kò tilẹ̀ wẹ̀yìn. Ó gbé aṣọ pẹpẹ sókè, ó fa ọkọ́ náà jáde, ó tú aṣọ funfun kúrò lára rẹ̀, ó ká a, ó fi í lélẹ̀, ó sì gbé ọkọ́ kọ́ èjìká. Ó gba àárín ìjọ kọjá, ó kọjá lára bàtà gbogbo wa lẹ́nu ọ̀nà, ó sọ̀ kalẹ̀. Mo sáré, mo wá bàtà rẹ̀ láàárín bàtà ìjọ, mo tẹ̀lé e.

Ibi tí bọ́ọ̀sì ti ń dúró ni mo ti bá a, pẹ̀lú sùtánà àti ọkọ́, tí àwọn òyìnbó ń fi àyè sílẹ̀ fún un. Mo gbé bàtà náà síwájú rẹ̀. Ó wọ̀ ọ́. Ó wá wo ẹsẹ̀ mi.

“Tìrẹ dà?”

“Mo gbàgbé ẹ̀ sókè, Mummy.”

“Padà lọ mú un.”

“Mummy, gbogbo wọn ló wà níbẹ̀.”

“Mo mọ̀ pé gbogbo wọn ló wà níbẹ̀. Wọ́n ti gba ilẹ̀ mi. Má fi bàtà rẹ kún un fún wọn.”

Mo padà. Lórí bẹ́ńṣì ẹnu ọ̀nà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàtà, ni bàbá mi jókòó sí, ó gbé abọ́ èpò náà lé ẹsẹ̀. Òwú funfun ẹlẹ́gùn-ún ti lẹ̀ mọ́ gbogbo sùtánà rẹ̀, dé irùngbọ̀n. Ó béèrè pé ìyá mi ńkọ́. Mo ní wọ́n wà nísàlẹ̀. Mo wá bẹ̀rẹ̀ síwájú rẹ̀. Ó rò pé mo fẹ́ kúnlẹ̀, ó sì na ọwọ́ láti gbé e lé mi lórí, bó ti máa ń ṣe. Mo mú bàtà mi lábẹ́ bẹ́ńṣì, mo dìde, mo sì sọ̀ kalẹ̀ lọ bá ìyá mi.